Ejò Funfun Tó Bí Ọmọ Dúdú

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ o. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, torí ìparí rẹ̀ ló le jù.

1. Ọkùnrin kan ń sin òjòlá, ó ń tà wọ́n fún àwọn tó fẹ́ràn ejò nínú ilé. Kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀ tán, yóò ti ní, "Mo ti mọ̀." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀ nìyẹn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ àfín, ló ń bá a tọ́jú wọn nínú àpótí onígíláàsì. Òjòlá funfun kan wà níbẹ̀, olójú pupa, àfín bíi tirẹ̀. Òun ló bọ́ ọ láti kékeré, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó ejò náà.

2. Mo-ti-mọ̀ ti fọ́nnu fún gbogbo oníbàárà pé funfun báláú ni ọmọ ejò yìí yóò jẹ́. Ó mú akọ dúdú kan wá gùn ún. Nígbà tí ẹyin pa, dúdú ni gbogbo wọn! Àwọn oníbàárà fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo-ti-mọ̀ jágbe mọ́ àbúrò rẹ̀, "Kó wọn lọ dà nù!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, funfun yẹn ò sọnù. Ó sá pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni. Bàbá wa dúdú, ìyá wa dúdú. Ibo lẹ rò pé èmi ti wá?"

"Mo ti mọ̀. Kó wọn lọ!"

Àbúrò kó wọn lọ lóòótọ́. Yàrá tirẹ̀ ló kó wọn lọ.

3. Ara ìyá ejò ò tíì padà bọ̀ sípò tí Mo-ti-mọ̀ tún fi lọ mú akọ funfun tí òun àti ejò náà jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà wá gùn ún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ti rù! Ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n!"

Mo-ti-mọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń bi ejò léèrè ọmọ ẹni tó jẹ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ejò náà yé díẹ̀, ìyókù há sí i nínú, ó sì kú. Àbúrò gbé e lé ẹsẹ̀, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Àwọn tó jáde nínú ẹyin náà funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn wọ́, orí wọn ń yí kiri, wọn ò lè jẹun. Kò sí ọ̀kankan tó yè.

4. Nígbà tó yá, àwọn dúdú yẹn dàgbà. Àbúrò gbé abo kan nínú wọn lọ bá akọ funfun nílé ẹlòmíràn, èyí tí kò bá a tan rárá. Ẹyin pa: dúdú jáde, funfun jáde, ara gbogbo wọn le. Mo-ti-mọ̀ gbọ́, ó sáré dé.

"Ejò mi ló bí ìyá wọn. Kó wọn fún mi!"

Àbúrò dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ní kí n dà wọ́n nù, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tẹ́ ẹ bá ti dà nù, ẹ ò lè padà wá ṣà á. Ẹ máa wò wọ́n láti ibẹ̀ yẹn. Ẹ ò ní fọwọ́ kàn wọ́n."

Ẹnu ọ̀nà ni Mo-ti-mọ̀ ti wò wọ́n.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ojú ń kán: ẹ má fi àwọ̀ ara da ẹnikẹ́ni nù, ẹ má sì fi ìwàǹwára pa ohun tó ń bọ́ yín. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde.