Ọ̀kẹ́rẹ́ Kò Pe Ọ̀yà

Àlọ́ mi sáré wọ pápá họ́kì, ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ọ̀yà.

Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n ń gbá fún tẹ́lẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ a sáré gbé bọ́ọ̀lù wá, a kígbe, "Ọ̀yà!" Ọ̀yà a sì fi igi gbá a wọlé. Nígbà tó yá, Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ẹsẹ̀ òun ló ń gba ife. Ọ̀yà ní ọwọ́ òun ni. Láti ìgbà náà, wọn kò pe orúkọ ara wọn mọ́.

Ó sì ṣe, Ìnàkí kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ dé: ẹni tó bá borí ni yóò ni odò tí gbogbo wọn ń mu. Àwọn ẹranko bẹ àwọn méjèèjì padà sí pápá. Ọ̀mì ni wọ́n ṣì ń ta nígbà tí àwọn ará Ìnàkí ká Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ́ tòun ti bọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ Ọ̀yà, ṣùgbọ́n ó kẹ̀yìn sí Ọ̀kẹ́rẹ́: "Bó bá nílò mi, kó pè mí."

Láàrin àwọn ẹranko tó ń wòran, Ìyá Ẹtu dá orin:

"Ọ̀kẹ́rẹ́, pe Ọ̀yà o!"
*Jan-in-jan-in.*
"Odò ń bọ́ lọ o!"
*Jan-in-jan-in.*

"Èmi? Kí n pè é? Láéláé!"

Ìnàkí já bọ́ọ̀lù gbà, ó gbá a wọlé.

Bí gbogbo wọn ti ń kó ẹrù kúrò létí odò, Ọ̀yà gbórí sókè: "Ẹ ṣáà rí i, n kò yíjú."

"Èmi náà kò pè é!"

Ìyá Ẹtu wò wọ́n. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olúborí. Ẹ wá bu ìgbéraga yín fáwọn ọmọ mu."

Ibẹ̀ ni mo fi àlọ́ mi lé yín lọ́wọ́, ẹ̀yin ará. Kí Olúwa má jẹ́ ká torí àtiborí arákùnrin wa fi òùngbẹ pa ilé Rẹ̀. Àmín.