Ẹ̀gbà Ọwọ́ Ìbídùn

Láràárọ̀, ẹ̀rọ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa máa ń yẹ ìgbẹ́ wò, á sì kọ èsì sórúkọ ẹni tó ni ẹ̀gbà ọwọ́ tó bá rí. Èsì yẹn ni àwọn àna ń kà kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Lónìí, dókítà ní ìfun ńlá Ìbídùn, àbúrò mi, ti wú, ó ti gbọgbẹ́, àfi kí àwọn gé e.

Ó ní, "Àmọ́ èsì rẹ̀ dára fún oṣù márùn-ún. Ká ní a tètè rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ ni, oògùn ì bá wò ó sàn."

Màámi bọ́ ẹ̀gbà Ìbídùn kúrò lọ́wọ́ tiwọn. "Èmi ni mo ń wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo rí i pé inú ń run ún, mi ò fẹ́ kí àwọn àna sá."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ kú oríire, Màámi. Ìgbẹ́ yín ti rí ọkọ."

Àwọn nọ́ọ̀sì ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Màámi tẹ̀lé bẹ́ẹ̀dì náà títí ilẹ̀kùn fi tì wọ́n mọ́ ìta.