Ìdótì Yàrá Bàbá

Bàbá ní òun kò lọ mọ́. Inú yàrá ni ó ti sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń dún bí ohùn ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn páálí òfìfo tó gbé wá fún ẹrù. Orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Bàbá ń gbé, orúnkún rẹ̀ kò sì gba àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé yóò wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, àti pé àwọn nǹkan pálọ̀ yóò kù fún ẹni tó fẹ́ gba ilé. Lọ́sàn-án Sátidé, ó ṣì ní ara òun ti wà lọ́nà. Ọjọ́ Ajé rèé, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àgbà kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì," ó ní.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni," Bàbá dáhùn. "Mi ò tíì sọ ọ́ tán ni."

Géèmù ni ọmọ yìí ń ṣe níbi iṣẹ́, irú èyí táwọn èèyàn fi ń ja ogun ayé àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ìdótì ni iṣẹ́ tirẹ̀: kí àwọn ọmọ ogun pàgọ́ yí ìlú olódi ká, títí ebi yóò fi mú ará ìlú ṣílẹ̀kùn. Ó ti fi ọdún méjì ṣe é. Lọ́jọ́ Ẹtì ni ọ̀gá rẹ̀ sọ pé kò jọ òótọ́.

"Àwọn ará ìlú rẹ kàn jókòó bí ère," ọ̀gá ní. "Ta ni ebi ń pa tí kò ní dá ọgbọ́n? Bí kò bá yí padà kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, a ó yọ ìdótì kúrò pátápátá."

Nírọ̀lẹ́ Sátidé ló ro ẹjọ́ yìí fún Bàbá, ó sì sunkún díẹ̀. Bàbá kò sọ ju pé kí ó lọ sinmi. Ó dùn ún, nítorí ó ti pẹ́ tó ti gbà pé eré ọmọdé ni Bàbá ka iṣẹ́ òun sí.

"Ó dáa," ó sọ sí ilẹ̀kùn náà. "Iṣẹ́ mi kúkú ni. Màá dó tì yín."

"Káàbọ̀, Ìyá Ogun," Bàbá ní.

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kalẹ̀ sí pálọ̀, ó ní ibẹ̀ lòun ó máa sùn títí Bàbá yóò fi jáde. Ilé ìwẹ̀ wà nínú yàrá Bàbá, a jẹ́ pé kò sí bó ṣe lè fi omi mú un, àfi oúnjẹ. Ó ti ilé ìdáná pa láìwo inú rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó tan tẹlifíṣọ̀n síbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó wá dín ohùn rẹ̀ kù débi pé ẹni tó wà ní yàrá á gbọ́ ariwo, ṣùgbọ́n kò ní mọ ẹni tó gbá a wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, òórùn ẹran díndín gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá jáde. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló bá lábẹ́ fèrèsé, tó ń gbé abọ́ mìíràn sínú apẹ̀rẹ̀ olókùn tí Bàbá sọ̀ kalẹ̀, tó fi ọwọ́ kejì di ìbàdí mú.

"Olówó orí mi, ẹ̀yin náà lọ̀dàlẹ̀?"

"Àna mi ni. Ṣé kí ebi pa á ni?"

"Kí ló wá ṣe yín lẹ́yìn?"

"Mo bá ẹnì kan kó ẹrù lọ́jọ́ Àìkú. Ó jọ pé mo ti ń dàgbà." Ó fa okùn kí Bàbá gbé apẹ̀rẹ̀ sókè. "Má wulẹ̀ wálé wá mú aṣọ o, màá gbé e wá. Mo kun yàrá àlejò, ọ̀dà ò tíì gbẹ."

Inú bí i títí ó fi gun àtẹ̀gùn dé òkè. Nígbà tó jókòó, ó fi apẹ̀rẹ̀ náà sínú géèmù, ó sì fi ọ̀dàlẹ̀ kan sáàárín ọmọ ogun.

Nígbà tó ṣe, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa òun alára. Ó ṣí ilé ìdáná, kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju iyọ̀ lọ. Ó gbà pé Bàbá ti kó gbogbo rẹ̀ wọ yàrá kí ogun tó dé, ó sì kí i lọ́kàn rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹran tí wọ́n fi bébà wé yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹni tó dó ti ìlú náà ní ikùn," Bàbá ní. "Jẹun."

Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìtìjú. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sínú géèmù pé ebi lè kọ́kọ́ pa àwọn tó wà níta.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá á béèrè pé, "Kí ni ọ̀gá rẹ wí?"

"Kò tíì wí nǹkan kan. Ẹ jáde, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dọ̀la nìyẹn."

Bó ṣe ń rí nìyẹn lójoojúmọ́. Ó gbà pé ńṣe ni Bàbá ń fi ọ̀rọ̀ fa ọjọ́ gùn, nítorí náà ó dá àwọn ìránṣẹ́ sínú ìlú náà, tí wọ́n ń jáde wá bẹ̀bẹ̀ àlàáfíà láìní í lọ́kàn.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá pè é lórí fóònù.

"Láti àárọ̀ ni mo ti dó ti ìlú yẹn. Àwọn ọmọ ogun tèmi ni ebi lé padà sílé." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìlú kan tí apá mi ò ká ni, ọ̀gá."

"Ìdótì ò kúrò mọ́. Iṣẹ́ rẹ dúró."

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó lọ fi orí ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá, wọ́n gbà á o."

Kọ́kọ́rọ́ yí, Bàbá sì jáde pẹ̀lú fìlà lórí, bàtà lẹ́sẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, ó fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Jẹ́ ká máa lọ."

"Ṣé ẹ rí i? Ebi lé yín jáde."

"Ebi ni," Bàbá ní, ó sì jókòó sórí àga pálọ̀. "Ogun rẹ le."

Ọmọ rẹ̀ kó àwọn páálí, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá láti lọ di ẹrù Bàbá, ṣùgbọ́n kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí àpótí kankan, àfi ẹní kan àti apẹ̀rẹ̀ olókùn, ibẹ̀ ló sì ti rántí ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú, àti ohun tí Bàbá ń béèrè nípa ọ̀gá rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.