Kámẹ́rà Mẹ́rin, Ọ̀nà Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ ó sì fo ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka eléyìí kó tán. Ó lè gba ohun iyebíye kan là fún yín.

1.
Bàbá kan wà tó ń ṣe bàtà fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kan kúrú ju èkejì lọ. Á to ìpele awọ sábẹ́ bàtà ẹsẹ̀ tó kúrú, á wá fi ọ̀bẹ fá a títí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò fi ní tiro mọ́. Fífá yẹn ni àṣírí iṣẹ́ náà. Ọwọ́ bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ya fídíò fún àwọn oníṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ tún yá jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Mo-ti-mọ̀. Nígbà tí bàbá ní òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣe ẹyọ kan sí i kí n ká a sílẹ̀. Mo fẹ́ kọ́ ọ."

2.
Ó ra kámẹ́rà kékeré mẹ́rin: ọ̀kan fún ojú bàbá, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù, méjì fún ọwọ́. Ó ki gbogbo wọn bọ họ́ọ̀bù kan, àpótí pẹlẹbẹ olójú mẹ́rin tó ń so nǹkan mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ó dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣiṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yà wọlé.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ti tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀?"

"Fún kí ni? Èyí tó dá ṣiṣẹ́ á ṣiṣẹ́ láàárín èrò."

"Ojú mẹ́rin ló ní o, ọ̀fun kan ló fi ń gbé e mì. Àwòrán mẹ́rin lè há a lọ́fun. Ẹ dán an wò, ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

"Mo ti mọ̀!"

3.
Bàbá fá bàtà láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ojú rẹ̀ nìkan ni ọmọ rẹ̀ ń wò lórí láptọ́ọ̀pù. Kò yẹ ìyókù wò. Ìgbà tó ṣí àwọn fídíò náà nírọ̀lẹ́, ojú bàbá hàn kedere. Ti ṣọ́ọ̀bù ń dúró, ó ń fò. Kámẹ́rà méjèèjì tó dojú kọ ọwọ́? Dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lọ́la."

"Kò burú, ọmọ mi. Ó rẹ̀ mí. Jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ kẹta, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọrọ, ọ̀rọ̀ sì di ọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

4.
Mo-ti-mọ̀ sunkún títí, ó nujú, ó jókòó ti àwọn kámẹ́rà náà. Ó tan méjì, wọ́n jí. Ó fi ẹ̀kẹta kún un, ọ̀kan kú. Ó yọ wọ́n kúrò nínú họ́ọ̀bù, ó ki ọ̀kan bọ apá òsì láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan bọ apá ọ̀tún, ó fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún họ́ọ̀bù. Ó dín títóbi àwòrán kù. Mẹ́ta jí! Ó fi ẹ̀kẹrin kún họ́ọ̀bù, ìyẹn kọ̀ jálẹ̀. Ó dá a padà sínú páálí.

Gbogbo rẹ̀ kò ju wákàtí méjì lọ.

Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Àbúrò mi, o sọ fún mi. Mi ò gbọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Mo máa fá bàtà fúnra mi."

5.
Ó gbé bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó kọjú kámẹ́rà sí ọwọ́ ara rẹ̀. Bó bá fá awọ díẹ̀, á fi han bàbá. Bàbá á mirí: rárá. Bàtà mọ́kànlá ló bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà wọn kan, obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́, wọ ìkejìlá, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó ṣì ń tiro.

"Bàbá, níbo ni mo ti ṣì í?"

Bàbá la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo-ti-mọ̀ kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ obìnrin náà, ó tún mú ọ̀bẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín: ohun tí ẹ máa lò pa pọ̀, ẹ dán an wò pa pọ̀, kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ní kẹ́ ẹ fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fún un. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.