Ìgò Ẹrẹ̀ Tí Abọ́sẹ̀dé Tọ́jú

Ní ilé ìwádìí kan tó wà létí òkun, lápá ilẹ̀ Ìlàjẹ, ọ̀mọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Dókítà Ògúnṣakin. Ó mọ̀wé gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ipò rẹ̀ kéré.

Ọdún mẹ́ta ló fi bẹ̀bẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó gbà láti bá a bu ẹrẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ ibú, níbi tí egungun ẹja àbùùbùtán kan wà. Ó gbàgbọ́ pé àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, ń jẹun lára egungun náà. Ìgò ẹrẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n gbé dé. Bí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ bá kú, ó parí nìyẹn. Ọkọ̀ náà kò ní padà lọ mọ́.

Dókítà fẹ́ kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí tó ń móoru, níbi tí wọ́n ti ń sin kòkòrò àìsàn. Abọ́sẹ̀dé, ọmọ apẹja tó ń fọ àwo níbẹ̀, kúnlẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, inú òtútù ni wọ́n ti wá. Ooru á pa wọ́n. Ẹja ibú gan-an kì í pẹ́ kú nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Ọ̀jọ̀gbọ́n Abọ́sẹ̀dé! Ó dáa, mú ìgò kan, kí o máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹja dídì. Fi méjì sílẹ̀ fún àwa tá a kàwé.”

“Ẹ ṣé, sà.” Kíá ló gbé e, kí ọ̀gá má baà yí ọkàn padà.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ìgò yẹn fi wà nínú kúlà tó kún fún yìnyín. Bí iná ọba bá lọ, Abọ́sẹ̀dé á tukọ̀ lọ bá àwọn tó ń fi yìnyín tọ́jú ẹja, á wá yìnyín wá. Ta ló rán an? Kò sẹ́ni. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wù mí!

Ẹrẹ̀ inú ìgò méjì ti Dókítà jẹrà, ó ń rùn. Nínú ti Abọ́sẹ̀dé, ohun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú yọ lójú ẹrẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí: àwọn kòkòrò ló so pọ̀ bẹ́ẹ̀, irú tí kò sí nínú ìwé kankan láyé.

Dókítà kọ àbọ̀ ìwádìí, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló sì fi sí i. Ìrẹ́jẹ gbáà! Lọ́jọ́ tó kà á fún àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyá àgbà kan láàárín wọn bèèrè pé, “Àwa náà ti gbìyànjú, gbogbo rẹ̀ ló kú. Báwo lẹ ṣe mú tiyín yè?”

Dókítà wo ẹ̀yìn, níbi tí Abọ́sẹ̀dé ti ń gbé omi fún àlejò.

“Èmi kọ́ ni mo ṣe é,” ló wí. “Mo pa tèmi. Abọ́sẹ̀dé, jọ̀ọ́, wá sọ fún wọn.”

Abọ́sẹ̀dé gbé omi sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún odindi wákàtí kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú lórí àbọ̀ náà báyìí, ti ọ̀gá tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ipò díwọ̀n ọgbọ́n, ẹ má sì fi orúkọ yín bo iṣẹ́ ẹlòmíì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.