Ohùn Tí Ọmọ Kọ́kọ́ Gbọ́

Nọ́ọ̀sì Gbémisọ́lá gbé gíláàsì àyẹ̀wò sẹ́yìn etí ọmọ, àwòrán sì yọ lára ògiri: iṣan ìgbọ́rọ̀ tín-ín-rín bí òwú, tó ń wá ọ̀nà wọ inú etí lọ́hùn-ún. Ọjọ́ kẹrìnlá rèé lẹ́yìn ìbí ọmọ náà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nílé Adúnọlá, ìyá rẹ̀. Bí ohùn bá kan ọmọ kí iṣan wọ̀nyẹn tó pé, ìjọba yóò gbà á lọ fún oṣù mẹ́ta. Màmá Adúnọlá, tó ń bá a wẹ ọmọ láràárọ̀, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀.

Iṣan tó kẹ́yìn so kọ́ra.

“Ó ti pé,” nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ìyá ọmọ. Ohùn yín ni kó kọ́kọ́ gbọ́.”

Adúnọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Ọkọ mi, káàbọ̀.”

Ọmọ kò mira. Adúnọlá tún pè é, síbẹ̀ kò mira.

Màmá kò lè mú un mọ́ra mọ́. “Àkànní,” ó rọra pè é.

Kíá lọmọ yíjú sí i, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń dúró de omi ìwẹ̀.

Nọ́ọ̀sì mú bírò. “Màmá, láti ìgbà wo?”

Màmá gbójú sókè. “Ṣé èèyàn lè wẹ ọmọ kó má kì í ni?”