Ààrò Tí Kò Gbọdọ̀ Sán

Ṣánṣán ni wọ́n ń pe bíríkìlà náà, nítorí ògiri tó bá ti mọ, ṣánṣán ló máa ń dúró. Ogójì ọdún ló fi mọlé fún àwọn ẹlòmíì. Nígbà tí èémí rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gun àkàbà mọ́, ó jókòó sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́kàn rẹ̀: ààrò búrẹ́dì fún ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìnkùlé.

Bíríkì sísun ló fi mọ ọ́n. Ó rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí fèrèsé ilé ìdáná.

"Ó ku ká rẹ́ ara rẹ̀," ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Tó bá ti dán, mo ti parí iṣẹ́ mi láyé nìyẹn. Mo máa lọ dùbúlẹ̀."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni mo sọ? Ṣé kí n má sinmi ni?"

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tó máa ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyàwó sìn ín lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń ró, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì pe ìyàwó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Kí ló ní?" Ṣánṣán bi í nínú ọkọ̀.

"Ó ní kí ẹ máa jẹun dáadáa."

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó ní òun kò ní lè bá a lọ mọ́, pé ó yẹ kí ẹnì kan máa wà nílé. Awakọ̀ àdúgbò ló wá ń gbé e lọ ní Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀.

Amọ̀ ló kọ́kọ́ fi rẹ́ ẹ. Ó fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ó gé koríko gbígbẹ sí i kó lè dì mọ́ra, ó sì ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, á dúró mí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Ó dán gbinrin. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó dé láti ọsibítù, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Bàbá, ó ti sán o. Mo ní kí n dáná sí i wò ni."

Ó là láti ẹnu dé orí. Ṣánṣán ti ìka bọ ojú ibi tó là, ó wọlé dé èékánná. Ó dojú korobá kan dé, ó jókòó lé e.

"Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi ti lọ."

"Kì í ṣe ọwọ́ yín. Amọ̀ ni. Ẹ wá nǹkan tó le jù ú lọ."

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá onísìmẹ́ǹtì tó wà ní ìkángun òpópó.

"Sìmẹ́ǹtì àti iná kì í ṣọ̀rẹ́," ni ọkùnrin náà wí. "Àmọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fi wáyà wé e, tí yanrìn rẹ̀ pọ̀, tí ẹ sì rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á lálòpẹ́."

"Ṣé kò ní sán?"

"Bàbá, èmi gan-an á sán kó tó sán."

Ṣánṣán rẹ́rìn-ín. Ikọ́ gé ẹ̀rín náà sí méjì. Onísìmẹ́ǹtì wo ibòmíì.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìyẹn gbà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ara ààrò ti sán yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ilẹ̀ ọ̀dá. Ìyàwó ló tún kọ́kọ́ rí i. Lọ́jọ́ náà, Ṣánṣán kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ilé ìwé tí mo mọ yẹn," ó wí, "àti ilé dókítà, àti gbogbo wọn. Bóyá wọ́n ti sán tipẹ́, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún mi."

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ṣánṣán ló kọ́kọ́ jí. Ó ti ń ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò.

"Òkúta," ló wí. "Òkúta pẹlẹbẹ, láti etí odò. Ohun tó ti wà nínú omi àti oòrùn láti ọjọ́ pípẹ́, kí ni iná fẹ́ fi ṣe?"

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi tò wọ́n. Nígbà tó yá, orí àpótí ló ń jókòó sí, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé òkúta fún un.

"Èyí kò bá ti ìsàlẹ̀ mu," obìnrin náà á ní. "Ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ ká wá òmíì."

Á yọ ọ́. Ojú rẹ̀ kò ṣi okùn ìwọ̀n wò síbẹ̀.

Nígbà tó ti ọsibítù dé ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú ààrò, eérú wà lára aṣọ rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì sì wó sílẹ̀ bíi ti ẹni tó roko.

"Ó tún ti sán?"

"Kò sán." Ó ń gbọn eérú kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Ṣánṣán rìn yí ààrò náà ká. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkúta náà, ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ó wọlé, ó dùbúlẹ̀. Kò dìde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì dìde ní ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ Ajé, kò mí mọ́.

"Ó kúkú parí ẹ̀ kó tó lọ," onísìmẹ́ǹtì wí nígbà tó wá kí opó náà. "Ìbá ti fi òkúta bẹ̀rẹ̀, kì bá tí dààmú tó bẹ́ẹ̀."

Opó náà ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí òun nìkan ló mọ̀ pé amọ̀ dára, pé sìmẹ́ǹtì dára, pé ní Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni òun ń ko iná kíkan sínú ààrò, tí òun ń da omi tútù lé e lórí títí yóò fi sán, kí ọkọ òun lè ní iṣẹ́ tí yóò tìtorí rẹ̀ jí lọ́la, àti pé òun dáná sí òkúta yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, òun da omi, òun fi òòlù lù ú, kò sán.